Àtúnṣe Yàtọ̀ sí Àyípadà: Ohun tí UPDATE Máa ń Gbàgbé

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè SQL tó jọ ẹni jẹ́jẹ́, tó sì ń ba nǹkan jẹ́ ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ. UPDATE ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ní ọ́fíìsì ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa; ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: SQL ni èdè tí à ń lò láti bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ìyẹn irú dátábéèsì tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àtẹ tó ní ìlà, tó sì ní òpó. INSERT ń fi ìlà tuntun sí i. DELETE ń yọ ìlà kúrò. UPDATE ń fi iye tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bí ẹ bá ní kí ó sọ orúkọ ìdílé obìnrin kan di Àkànbí dípò Àjàyí, á ṣe é lójú ẹsẹ̀, á sì dá yín lóhùn pé ó ti kan ìlà kan. Níbo ni Àjàyí wá wà? Kò sí mọ́. Kò sí ibi kankan nínú àtẹ náà tí ẹ ti lè rí i pé ó wà níbẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àpẹẹrẹ yìí díẹ̀. Obìnrin náà lè ti relé ọkọ, kí ó sì ti yí orúkọ padà ní kóòtù. Nígbà náà, òótọ́ ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kọ ọ́, òótọ́ sì ni Àkànbí nísinsìnyí. Ó tún lè jẹ́ pé akọ̀wé tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ló ṣì í kọ: Àkànbí ni obìnrin yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò jẹ́ Àjàyí rí. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó yàtọ̀ pátápátá nìyẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, ayé ló yí. Nínú ti ìkejì, ohun tí a mọ̀ nípa ayé ló yí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: àyípadà ni ti àkọ́kọ́, àtúnṣe ni ti ìkejì. Ẹni tó bá sọ fún ìdílé ìyàwó pé òun ti ṣe "àtúnṣe" sí orúkọ ọmọ wọn nítorí pé ó lọ́kọ, ìjà ló ń wá. SQL ò mọ ìyàtọ̀ yìí. Àṣẹ kan náà ni, èsì kan náà ni.

Ẹnìkan lè ní, ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ ti tún gbé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yín dé. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n owó wà nínú ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀, n ó débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ìbí kì í yí padà. Ẹni tí wọ́n bí ní 1958, 1958 ni wọ́n bí i títí láé. Nítorí náà, gbogbo UPDATE tó bá bọ́ sórí òpó ọjọ́ ìbí, àtúnṣe ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣe é sọ ìwé tó rí kí ó tó ṣe é. Ní ilẹ̀ wa tí a ti ń fi ọjọ́-orí iṣẹ́ ìjọba àti ọjọ́-orí bọ́ọ̀lù ṣe àwàdà láti ọjọ́ pípẹ́, dátábéèsì tó ń gba UPDATE lórí ọjọ́ ìbí láì bèèrè nǹkan kan, ìlẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu yẹn. Àdírẹ́sì ńkọ́? Tìyẹn lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, àyàfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá sọ fún wa la fi lè mọ̀.

Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní San Jose ní California, ló fi ìpìlẹ̀ irú dátábéèsì yìí lélẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú Communications of the ACM ní oṣù kẹfà ọdún 1970. Ó mọ́ tónítóní, ó sì kúrú. Ó sàn kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ SQL kà á ju kí wọ́n máa wo fídíò kiri lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí: Codd fúnra rẹ̀ pe àwọn àtẹ rẹ̀ ní ohun tó ń yí padà bí àkókò ti ń lọ. Ó mọ̀ pé àtẹ tòní kì í ṣe àtẹ àná. Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ tán báyìí, ó kọjá lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà, kò sì fún ti àná ní ilé tí yóò máa gbé. A lè gbèjà rẹ̀. Ní 1970, ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Ta ni yóò ní kí wọ́n tọ́jú iye tí kò wúlò mọ́? Mo gba ìgbèjà yẹn fún 1970. Mi ò gbà á fún ẹni tó ń ṣe dátábéèsì lónìí, tí àwòrán àríyá inú fóònù rẹ̀ ń gba àyè ju ìtàn gbogbo oníbàárà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan gbìyànjú. Ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, Michael Stonebraker àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe dátábéèsì kan tí wọ́n pè ní POSTGRES, wọ́n sì pinnu pé kò ní í kọ nǹkan lé nǹkan lórí. UPDATE á kàn kọ ẹ̀dà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ti àtijọ́ á wà níbẹ̀, ènìyàn á sì lè bèèrè bí àtẹ náà ṣe rí ní ọjọ́ kan tó ti kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èrò yìí dùn mí. Nígbà tí POSTGRES di PostgreSQL tí gbogbo ayé ń lò báyìí, wọ́n yọ ọ́ kúrò: ó ń gba àyè, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Àmọ́ ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Títí di òní, tí ẹ bá ṣe UPDATE nínú PostgreSQL, ẹ̀dà tuntun ló ń kọ, ti àtijọ́ á sì wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí agbálẹ̀ kan tó ń jẹ́ VACUUM á fi wá kó o kúrò. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ẹ̀rọ náà rántí. Àwa la gba agbálẹ̀ fún un kó má baà rántí jù.

Nígbà tí ẹ̀rọ ò ti rántí fúnra rẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn wá ọgbọ́n dá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi òpó méjì kún àtẹ: ọ̀kan á máa sọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìlà náà kẹ́yìn, èkejì á máa sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wá ní àwọn ti ní ipasẹ̀. (Ipasẹ̀ ni n ó máa pe àkọsílẹ̀ ohun tó ti yí padà nínú dátábéèsì, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.) Ipasẹ̀ wo? Òpó méjèèjì yìí fúnra wọn, UPDATE ló ń kọ wọ́n, UPDATE tó bá tẹ̀lé e á sì pa wọ́n rẹ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá fọwọ́ kan ìlà kan, ẹni ìkẹwàá nìkan la ó mọ̀, a ò sì ní mọ ohun tí òun gan-an ṣe. Ó dà bí ìgbà tí ẹran dín nínú ìkòkò, tí wọ́n wá sọ fún yín pé Táyé ló ṣí ìkòkò gbẹ̀yìn. Táyé lè kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti gbóná ni. Mo rò pé ó sàn kí ilé-iṣẹ́ má ní òpó méjì yìí rárá ju kí ó ní wọn kó sì máa tọ́ka sí wọn nígbà tí wàhálà bá dé, nítorí ẹ̀rí tó jọ ẹ̀rí léwu ju àìsí ẹ̀rí lọ.

Ọ̀nà tó sàn ni trigger. Trigger jẹ́ àṣẹ tí ẹ gbé kalẹ̀ sí ẹ̀bá àtẹ pé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣe INSERT, UPDATE tàbí DELETE níbí, kí ẹ̀rọ kọ bí ìlà náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bí ó ṣe rí báyìí sínú àtẹ mìíràn, ìyẹn àtẹ ipasẹ̀. Nínú PostgreSQL, OLD ni wọ́n ń pe ti tẹ́lẹ̀, NEW ni wọ́n ń pe ti ìsinsìnyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò le, ìwé ìtọ́sọ́nà PostgreSQL fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ rẹ̀, ọmọ tó ti lo oṣù díẹ̀ nídìí SQL lè kọ ọ́ ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ta ló ṣe é, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ á wọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ètò òde òní, òṣìṣẹ́ kọ́ ló ń wọlé sí dátábéèsì. Áàpù ni ó ń wọlé, orúkọ kan ṣoṣo sì ni áàpù náà ń jẹ́, akọ̀wé ló jókòó sídìí rẹ̀ o, ọ̀gá ni o, olè ni o. Òpó "ta ló ṣe é" á wá kún fún orúkọ kan náà láti òkè délẹ̀. A lè yanjú ìyẹn: kí áàpù máa sọ orúkọ ẹni tó rán an níṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò gba agbára. Àmọ́ ẹ wá bèèrè ní ọ́fíìsì yín lọ́la bóyá wọ́n ń ṣe é.

Ìṣòro kejì ò ní ojútùú nínú trigger fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni àtẹ lè pa á lẹ́nu mọ́. Àṣẹ ìlà kan ni: ALTER TABLE, orúkọ àtẹ, DISABLE TRIGGER. Á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, á sì tún jí i dìde, ipasẹ̀ ò sì ní sọ pé òun sùn lọ. TRUNCATE náà wà, tó ń da gbogbo ìlà àtẹ nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í jí trigger tí wọ́n kọ fún DELETE. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá yọ ìlà kan, ipasẹ̀ á mú un. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ti àkókò, àwọn tó gba kíláàsì ìtumọ̀ lọ́dọ̀ mi á rántí Hans Reichenbach àti ìwé tó ṣe ní 1947, Elements of Symbolic Logic, níbi tó ti ya ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí a ń sọ ọ́, tó sì fi ìgbà ìtọ́ka ṣe ìkẹta. Ẹ ní mò ń fi í yọ yín lẹ́nu nígbà náà. Ó dára, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá náà ti kú láti oṣù tó kọjá." Ìgbà méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó lè dúró fún èkejì. Ẹ gbé e lọ sí àtẹ owó ìfẹ̀yìntì. Bàbá kú ní ọjọ́ kìíní oṣù. Àwọn ọmọ mú ìwé ikú wá ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn náà. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, akọ̀wé san owó oṣù kan. Tí dátábéèsì bá ní òpó kan ṣoṣo fún ọjọ́ ikú, ohun tí aṣàyẹ̀wò-owó yóò rí ni pé akọ̀wé sanwó fún òkú. Tí ó bá ní ìgbà méjèèjì, á rí i pé lọ́jọ́ tí akọ̀wé sanwó, kò sí ẹni tó tíì sọ fún ọ́fíìsì pé bàbá ti kú. Iṣẹ́ ènìyàn kan wà láàárín òpó kan àti òpó méjì.

Richard Snodgrass ti Yunifásítì Arizona lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi yé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pé ìgbà méjì ni, ìgbà kan kọ́. Àfi ìgbà tó di 2011 kí ìlànà àgbáyé SQL tó gba èyí wọlé: àkókò tí ọ̀rọ̀ fi jẹ́ òótọ́ nínú ayé lọ́tọ̀, àkókò tí ẹ̀rọ fi gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀. SQL Server gba ti ẹ̀rọ wọlé ní 2016, MariaDB ní 2018. Ẹ lè kọ FOR SYSTEM_TIME AS OF, kí ẹ fi ọjọ́ kan sí i, àtẹ á sì dá yín lóhùn bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Pẹ̀lú ìgbà méjèèjì yìí, a ti lè ya àyípadà sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe, ohun tí mo ń wí láti òkè. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àkókò sí i tán, wọ́n gbàgbé ènìyàn: àtẹ irú èyí ń sọ ìgbà, kì í sọ ẹni, kì í sì í sọ ìdí, àfi tí ẹ bá fi òpó wọn kún un fúnra yín. Ẹni tó bá sì ní àṣẹ tó tó, nínú SQL Server, ó lè pa ìtọ́jú ìtàn náà fún ìgbà díẹ̀, kó wọ inú ìtàn lọ tún un kọ, kó sì tàn án padà.

Mo ní ẹ̀wọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀wọ̀n náà wà. Láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, Post Office, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, ní àwọn ẹ̀ka káàkiri ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀ka wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onísọ́ọ̀bù kéékèèké ní abúlé àti àdúgbò, ló sì ní láti san owó tó bá dín. Horizon bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín. Wọ́n san, wọ́n yá owó san, nígbà tí kò sí mọ́, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù fún olè àti irọ́ ìṣirò. Láàárín 1999 sí 2015, àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ju 900 lọ, Post Office fúnra rẹ̀ ló sì pe ẹjọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan pàdánù ilé. Àwọn kan ti kú kí wọ́n tó dá wọn láre.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù náà ni pé kò sí ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kan ìṣirò ẹ̀ka wọn láti òkèèrè. Alan Bates àti àwọn tó kù, ènìyàn 555 lápapọ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Ní oṣù kejìlá 2019, Adájọ́ Fraser dájọ́ pé àléébù tó lè mú kí owó dín wà nínú Horizon, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè fi ìṣirò sí inú ẹ̀ka, kí wọ́n yí i padà tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀ka mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ènìyàn 39 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mi ò sọ pé UPDATE ló kó wọn sí wàhálà o. Horizon ti ìbẹ̀rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí àtẹ inú dátábéèsì kan ṣoṣo. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó sì ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ sí àárín ní 2010. Ọ̀rọ̀ ipasẹ̀ ló kàn mí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka Lepton ní oṣù kẹwàá 2012. Oníbàárà san owó tẹlifóònù, £76.09. Ìlà já, ètò náà fúnra rẹ̀ sì dá ìsanwó náà padà. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn aṣèwádìí Post Office máa ń wò, ó hàn bí ẹni pé ọwọ́ onísọ́ọ̀bù ló dá a padà. Ètò ṣe é, orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ipasẹ̀ wà o! Wọn ò pa á rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé "olùṣe" inú gbólóhùn kì í ṣe olùṣe inú ayé. Àwa onímọ̀ èdè mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀; Yorùbá ń sọ pé "ọwọ́ mi gé", kò sì sí ẹni tó máa ní ọwọ́ ló mú ọ̀bẹ. Dátábéèsì kò ní ọgbọ́n yẹn. Ohun tó bá wà nínú òpó "ta ló ṣe é", òun ló ṣe é.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé alájọ tí ò kàwé ti yanjú ìdajì ìṣòro yìí tipẹ́. Tí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ ìyá tó ń ta tòmátì, á sàmì sí ìwé tirẹ̀, á sì sàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá náà. Àkọsílẹ̀ méjì, ọwọ́ méjì. Alájọ lè tún ìwé rẹ̀ kọ lóru, kò lè wọ inú àpò ìyá oní-tòmátì lọ tún káàdì kọ. Onísọ́ọ̀bù Horizon kò ní káàdì. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn án nìkan ló ní, ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́ ló sì ni ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́, Post Office ló ń bu àkọsílẹ̀ jáde, òun ló ń yan èyí tí yóò bù.

Fún ìdí yìí, mi ò ka ipasẹ̀ sí ẹ̀rí tí ẹni tó lè ṣe UPDATE lórí àtẹ bá tún lè ṣe UPDATE lórí ipasẹ̀ àtẹ náà. Àṣẹ REVOKE wà nínú SQL láti gba agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A tún lè fi ipasẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn tí ẹlòmíràn ń ṣọ́. Láti 2022 ni SQL Server ti ní irú àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní ledger, tó ń fi ìṣirò so ìlà mọ́ ìlà débi pé tí ẹnìkan bá yí ti àná padà, ìṣirò ò ní bára mu mọ́. Ó dára, àmọ́ kí àwọn tó ń tà á má ṣe fi ayọ̀ kọjá àyè. Ìṣirò yẹn lè fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò tún ọ̀rọ̀ kọ. Kò lè fi hàn pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Ti Lepton ì bá là á kọjá láìsí ìṣòro.

Òfin náà ní láti gba tirẹ̀. Òfin ẹ̀rí ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1984, abala 69, sọ pé kí ilé-ẹjọ́ má gba ọ̀rọ̀ tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde àfi tí wọ́n bá fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òfin 1999 pa abala yìí rẹ́, ọdún tí Horizon ń wọ àwọn ẹ̀ka gan-an. Láti ìgbà náà, ilé-ẹjọ́ á gbà pé kọ̀ǹpútà dára, àfi tí ẹ bá fi hàn pé kò dára. Báwo ni onísọ́ọ̀bù abúlé á ṣe fi hàn? Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ṣì ń bèèrè pé ṣé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ní ẹni tó wà ní ipò tó yẹ lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Mo yìn wọ́n pé wọ́n ń bèèrè. Àmọ́ ìbéèrè náà ò jinlẹ̀ tó. Kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan fi wọ inú àtẹ lọ lóru, tó pa trigger, tó yí iye padà, tó sì jí trigger dìde, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà ò purọ́. Ìbéèrè tí agbẹjọ́rò ì bá bi í ni pé ènìyàn mélòó ló ní àṣẹ láti yí àtẹ yìí padà láìjẹ́ pé ó hàn, kí ni orúkọ wọn, ta ló sì ń ṣọ́ wọn.

Àwọn kan á ní kí a kúkú tọ́jú gbogbo nǹkan títí láé. Mi ò sí lára wọn. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ ní àwọn ìgbà kan, ipasẹ̀ tó sì ń tọ́jú àìsàn tí wọ́n ṣì kọ sórúkọ ẹni títí ayé kò ṣe onítọ̀hún lóore.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa oníwé-atúmọ̀ parí, nítorí àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú dátábéèsì lára yín ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Crowther ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1843, tó tún ṣe òmíràn ní 1852, ti ìkejì ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Méjèèjì wà lórí pẹpẹ, a sì lè fi wọ́n wéra. Nínú dátábéèsì, ẹni tó bá fi UPDATE kan ṣoṣo sọ gbogbo "aiye" di "ayé", tó sọ gbogbo "enia" di "ènìyàn", ó ti pa ìtàn àkọtọ́ wa rẹ́ nínú àtẹ náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Àyípadà ni o, àtúnṣe kọ́: "aiye" tọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́tà wa ọ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ àti lókè, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode. Ẹ lè fi ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́ kí ẹ wá gbé àmì ohùn lé e. Ẹ sì lè mú o lásán kí ẹ fi àmì méjèèjì kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ rí i. Ẹni tó bá fẹ́ sọ gbogbo wọn di irú kan, tó sì ṣe UPDATE, á ṣí àtẹ ipasẹ̀ rẹ̀ á sì rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tó sọ pé OLD ni ọ́, NEW ni ọ́. Á rò pé trigger ti ya wèrè. Trigger ò ya wèrè. Òpó ìdí ni kò sí níbẹ̀: gbólóhùn kan péré, "mo so àmì pọ̀ ní ọ̀nà kan náà, ìró kankan ò yí", ì bá ti tó fún ẹni tó máa ṣí àtẹ náà ní ogún ọdún sí i. Ẹ fi òpó yẹn sí i kí ẹ tó kọ ìlà kejì, ẹ má sì jẹ́ kí ó gba òfìfo.